Làálì Tí Kò Ṣí Lẹ́sẹ̀ Àṣíáwù

Bí o bá gba ọ̀nà odò kọjá lọ́jọ́ tí àwọn obìnrin Ìjerò bá ń ṣe epo, ẹ̀rín wọn ni wàá kọ́kọ́ gbọ́ kí òórùn ẹyìn sísè tó dé imú rẹ. Ẹkù ni wọ́n ń pe ibẹ̀. Kòtò fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ti fi amọ̀ rẹ́ dáadáa. Wọ́n á da ẹyìn tí wọ́n ti sè sínú rẹ̀, àwọn fúnra wọn á sì kó sí i, wọ́n á máa fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ títí epo yóò fi yọ. Iṣẹ́ ẹsẹ̀ ni. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá ya ọ̀lẹ, kó yáa lọ máa ta iyọ̀.

Nínú gbogbo wọn, Àṣíáwù aya Bùràímọ̀ ni ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ iṣẹ́ náà jù. Epo rẹ̀ kì í ní èérí, kì í sì í kan. Òun fúnra rẹ̀ a máa fi ẹsẹ̀ náà yangàn.

A máa sọ pé, "Ọkọ mi ní ọkọ́ àti àdá. Èmi, ẹsẹ̀ mi ni ọkọ́ mi."

Lọ́jọ́ kan, ní ọdún kejì tí a gba òmìnira, Àṣíáwù jáde nínú ẹkù, ó jókòó sórí òkúta, ó na ẹsẹ̀ kí Ọmọ́yẹni ọ̀rẹ́ rẹ̀ lè bu omi sí i. Ọmọ́yẹni fi kànìnkànìn bọ ọṣẹ, ó fọ ẹsẹ̀ òsì, ó mọ́. Ó fọ ẹsẹ̀ ọ̀tún, ó kù síbì kan. Àbàwọ́n dúdú kan wà ní gìgísẹ̀. Ó tún un fọ̀. Àbàwọ́n náà ò mira.

"Àṣíáwù, kí lèyí? Èédú ni àbí kí ni?"

"Làálì ni jàre. Làálì uyàwó Jemilat ọmọ mi ni."

"Làálì! Jemilat tó ti bímọ nílé ọkọ? Ọmọ náà ti ń rákò!"

"Ó mọ́ mi lẹ́sẹ̀ ni. Làálì tó bá rí ẹsẹ̀ tó wù ú kì í fẹ́ lọ mọ́."

Gbogbo obìnrin tó wà ní ẹkù rẹ́rìn-ín. Àṣíáwù náà rín, ó ti ẹsẹ̀ bọ sálúbàtà, ọ̀rọ̀ sì tán níbẹ̀.

Ẹ má tíì bá wọn wí o. Òótọ́ ni pé wọ́n kun làálì fún Àṣíáwù nígbà ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀, bí wọ́n ti ń kùn ún fún ìyá ìyàwó nínú àwọn mùsùlùmí ìlú náà. Òótọ́ sì ni pé àbàwọ́n náà kò dùn ún. Kò yún un, kò ṣẹ̀jẹ̀, kò dí i lọ́wọ́ iṣẹ́. Ohun tí kò bá dunni, ta ni yóò gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà? Ibẹ̀ gan-an ni àrùn yìí ti ń rí wa mú.

Nígbà tí Ìléyá dé, Jemilat ti ilé ọkọ rẹ̀ ní Arámọ̀kọ wá kí àwọn òbí rẹ̀ lọ́jọ́ kejì ọdún, ó gbé ọmọ pọ̀n, ó di làálì sínú ewé. Làálì kíkùn ti di iṣẹ́ rẹ̀ lọ́hùn-ún. Kò sí ìyàwó tuntun kan tó máa wọlé ọkọ ní àdúgbò wọn tí kì í jẹ́ pé ọwọ́ Jemilat ló kan ẹsẹ̀ rẹ̀ kẹ́yìn.

Ìrun ọ̀sán ló bá wọn lórí nígbà tó dé. Bàbá rẹ̀ wà níwájú, ìyá rẹ̀ wà lẹ́yìn bàbá. Jemilat sọ ọmọ kalẹ̀, ó ṣe àlùwàlá wéréwéré, ó tẹ́ ẹní tirẹ̀ sẹ́yìn ìyá rẹ̀. Nígbà tí wọ́n foríkanlẹ̀ tí òun náà ń gbé orí sókè, ojú rẹ̀ bọ́ sí àtẹ́lẹsẹ̀ ìyá rẹ̀. Ó rí àbàwọ́n náà. Kí Ọlọ́run foríjì í, kò mọ ohun tí ó kà mọ́ nínú ìrun yẹn.

Lẹ́yìn tí wọ́n sálámà tán, Àṣíáwù na ẹsẹ̀ méjèèjì síwájú ọmọ rẹ̀.

"Ó yá, kùn ún fún mi. Àwọn obìnrin ẹgbẹ́ wa ń bọ̀ wá kí mi, n kò fẹ́ kí wọ́n bá ẹsẹ̀ mi lásán."

Jemilat gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún lé itan ara rẹ̀, ó yí i sí ìmọ́lẹ̀.

"Yèyé, kí lèyí?"

"Làálì rẹ ni. Èyí tí o kùn fún mi nígbà uyàwó rẹ."

"Làálì mi kọ́. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ba iṣẹ́ mi jẹ́." Jemilat rẹ́rìn-ín díẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò dé ojú. "Làálì pupa ni, Yèyé. Bó bá fẹ́ ṣí, á pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí ọsàn kó tó lọ. Kì í dúdú sí i. Àtẹ́lẹsẹ̀ ló sì ti ń kọ́kọ́ ṣí, nítorí òun la fi ń rìn. Kí wá la ti máa wí ti ẹ̀yin tí ẹ fi ń tẹ ẹyìn? Ti ojú ẹsẹ̀ ti lọ láti ùgbà yẹn, ti abẹ́ ẹsẹ̀ ló wá kù? Ẹ tiẹ̀ wo etí rẹ̀ bó ti rí ṣágiṣàgi. Apá kan dúdú, apá kan rí bí aró. Ó ti tóbi ju ẹyọ obì lọ."

Àṣíáwù yí ojú sí ìta. Ó ń wo ọmọ-ọmọ rẹ̀ tó ń fa ìrù ewúrẹ́ lágbàlá.

Ṣé kí n sọ òótọ́ inú rẹ̀ fún yín? Ó ti pẹ́ tí ó ti mọ̀ pé kì í ṣe làálì. Láti ìgbà tí òjò ọdún tó kọjá ti parí ló ti rí i pé àbàwọ́n náà ń fẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ni ó lọ ra làálì, tó ń kùn ún lé e lórí ní ìkọ̀kọ̀ kó lè jọ làálì. Ẹ̀rù ń bà á ni. Ó ti rò ó títí, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló ń bọ̀ sí i lọ́kàn: ẹ̀tẹ̀. Bí aráyé bá gbọ́ pé ẹ̀tẹ̀ wà lẹ́sẹ̀ Àṣíáwù, ta ni yóò jẹ epo tí ẹsẹ̀ náà tẹ̀?

Ó dẹ ohùn wálẹ̀. "Jemilat ọmọ mi, ṣáà kùn ún bò ó. Má sọ fún bàbá rẹ."

Jemilat ti ọwọ́ bọ làálì. Ó kun ọmọ ìka ẹsẹ̀, ó kun ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀, ó kun gìgísẹ̀ yíká. Ṣùgbọ́n nígbà tó dé orí àbàwọ́n náà, ó fo ibẹ̀. Ó fi í sílẹ̀ gbayawu.

"O ò tíì parí ibẹ̀ yẹn."

"Mo ti parí, Yèyé. Mi ò ní kùn ún. Ohun tí mo bá bò mọ́lẹ̀ lónìí, òun ni kò ní jẹ́ kí n sùn ní Arámọ̀kọ."

Inú bí Àṣíáwù. Ó fa ẹsẹ̀ rẹ̀ gbà. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í bú ọmọ náà pé ilé ọkọ ti kọ́ ọ ní àfojúdi, débi pé Bùràímọ̀ gbọ́ láti ẹ̀yìnkùlé níbi tó ti ń pín ẹran àgbò, ó sì sáré wọlé pẹ̀lú ọ̀bẹ lọ́wọ́. Ọmọ́yẹni tó ń bọ̀ wá kí wọn ní ọdún náà bá a wọlé.

Kò sí bí a ṣe lè bo ẹsẹ̀ mọ́. Bùràímọ̀ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wò ó, ó wo ojú aya rẹ̀.

"Ìyá Jemilat, láti ìgbà wo?"

"Kò dùn mí, Baba Jemilat."

"N kò bi ọ́ bóyá ó dùn ọ́. Láti ìgbà wo?"

Kó tó dáhùn, Ọmọ́yẹni ti bọ́ sáàárín wọn. Ọmọ́yẹni kì í ṣe ènìyàn burúkú rárá, àmọ́ kì í rí ìṣòro kó má fẹ́ fi ọwọ́ ara rẹ̀ tán an.

"Kí lẹ ń pariwo fún? Ẹ bá mi wá abẹ tuntun. N ó họ ọ́ kúrò, n ó fi àdín gbígbóná jó o, ó parí. Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe họ irú rẹ̀ kúrò lẹ́sẹ̀ ìyá ọkọ mi."

Jemilat bi í pé, "Wọ́n wá sàn?"

"Ó jiná o! Wọ́n kú nínú ọdún náà ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ló pa wọ́n. Kókó kan ló yọ sí wọn níbi itan."

Síbẹ̀, Àṣíáwù ní kí wọ́n mú abẹ náà wá. Ó sàn kí wọ́n họ ọ́ nílé, kí ọ̀rọ̀ má jáde. Bùràímọ̀ ní kí wọ́n jẹ́ káwọn lọ sí ilé ìwòsàn. Àṣíáwù figbe ta.

"Kí wọ́n lè gé ẹsẹ̀ mi? Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́! Bí wọ́n bá gé ẹsẹ̀ mi, uṣẹ́ wo ni n ó máa ṣe? Ẹ̀yin ni ẹ ó bá mi tẹ ẹyìn?"

Ọmọ́yẹni ti ń tú abẹ nínú bébà. Ibi tí ọ̀rọ̀ wà nìyẹn nígbà tí ẹnìkan kan ìlẹ̀kùn, tó kí wọn kú ọdún.

Tíṣà Francis Olúwọlé ni. Ọkùnrin náà ti kọ́ ọmọ jákèjádò agbègbè náà, láti Ìjerò títí dé Ẹ̀fọ̀n, kí ó tó fẹ̀yìntì wálé. Bí Ìléyá bá dé, a máa wá jẹ ẹran lọ́dọ̀ Bùràímọ̀. Bí Kérésìmesì bá dé, Bùràímọ̀ a máa lọ jẹ ìrẹsì lọ́dọ̀ rẹ̀. Àmọ́ orúkọ kan wà tí ìlú ń pè é lẹ́yìn. Tíṣà Oníbàtà. Kò sí ẹni tó rí ẹsẹ̀ ọkùnrin yìí rí. Bàtà aláwọ ni òwúrọ̀, bàtà aláwọ ni alẹ́. Kì í wọ ilé tí wọ́n tẹ́ ẹní sí. Ẹnu ọ̀nà ni yóò jókòó sí. Kì í lọ sí ààfin, nítorí wọ́n ń bọ́ bàtà níbẹ̀. Nírọ̀lẹ́, ẹ ó rí i níwájú ilé rẹ̀ tó gbé ẹsẹ̀ lé àga, tó ń gbọ́ rédíò. Ìlú ní ìgbéraga ni. Wọ́n ní ìwé ti kọ́ ọ débi pé ilẹ̀ Ìjerò ò tó o tẹ̀ mọ́.

Tíṣà rí abẹ. Ó rí ẹsẹ̀ Àṣíáwù.

"Ẹ dúró! Ìyá yìí, ẹ sọ abẹ yẹn sílẹ̀!"

Ohùn tó fi ń dá kíláàsì lẹ́kun ni ó lò. Abẹ bọ́ lọ́wọ́ Ọmọ́yẹni. Kí ẹnikẹ́ni tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, Tíṣà ti jókòó sórí ẹní, ó sì ti ń tú okùn bàtà rẹ̀. Ó fa bàtà náà yọ. Òwú tí wọ́n ká jọ bọ́ sílẹ̀ láti inú rẹ̀. Ó bọ́ ìbọ̀sẹ̀.

Àtàǹpàkò ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ kò sí. Ibi tó yẹ kó wà jọ̀lọ̀. Ẹsẹ̀ náà sì wú ju ìkejì lọ.

Ọmọ́yẹni sún sẹ́yìn, ó fi ẹ̀yìn kan ògiri.

Tíṣà wí pé, "Mo mọ ohun tí ẹ ń rò. Kì í ṣe ẹ̀tẹ̀. Kì í ṣe jàbùtẹ̀. Ohun tó wà lẹ́sẹ̀ Ìyá Jemilat yìí ló wà lẹ́sẹ̀ mi. Abẹ́ èékánná ló ti bẹ̀rẹ̀, ìlà dúdú tẹ́ẹ́rẹ́ kan. Mo ní mo fi ẹsẹ̀ kọ òkúta ni. Ìlà náà ń fẹ̀, mò ń wò ó. Mo gbé abẹ, mo họ ọ́, ó di egbò tó kọ̀ tí kò jiná. Nígbà tí mo fi máa dé Ìbàdàn, ó ti rìn dé abẹ́ itan. Ọdún kejì tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ nìyẹn. Wọ́n gé ọmọ ìka, wọ́n sì yọ kókó itan."

Bùràímọ̀ bi í pé, "Kí ni wọ́n ń pè é, Tíṣà?"

"Jẹjẹrẹ awọ ara ni, irú èyí tó máa ń dúdú. Mẹlanómà ni àwọn dókítà ń pè é. Wọ́n ní lára àwọn Òyìnbó, ibi tí oòrùn ń pa ló ti máa ń yọ. Tiwa yàtọ̀. Àtẹ́lẹsẹ̀, àtẹ́lẹwọ́, abẹ́ èékánná, ibi tí ẹnikẹ́ni kì í wò, ibẹ̀ ló fẹ́ràn lára ènìyàn dúdú. Ohun tó sì ń fà á níbẹ̀, wọ́n ní àwọn náà ò tíì mọ̀ ọ́n. Kì í ṣe èpè, kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ ẹnikẹ́ni."

Àṣíáwù bi í pé, "Ṣé ó ń ranni? Ṣé ó ń bọ́ sínú epo?"

Ẹ wo ohun tó bi í. Kò béèrè bóyá òun máa kú. Epo ló béèrè.

"Kì í ranni, Ìyá Jemilat. Grace ìyàwó mi ń fọ ẹsẹ̀ yìí fún mi, a ń jẹun nínú abọ́ kan náà, a ń sùn lórí ẹní kan náà. Ara rẹ̀ dá ṣáká. Kò lè ti ara ènìyàn kan bọ́ sára ẹlòmíì, áńbọ̀sì kó bọ́ sínú epo."

"Wọ́n á gé ẹsẹ̀ mi?"

"N kò mọ̀. Dókítà ni yóò sọ. Ṣùgbọ́n mo mọ èyí: kékeré la ti ń pẹ́ka ìrókò. Bí mo bá lọ nígbà tó ṣì jẹ́ ìlà tẹ́ẹ́rẹ́, bóyá èmi náà ì bá ṣì ní ọmọ ìka márùn-ún. Ẹ̀yin lọ báyìí, kó má di pé ẹ ń sọ irú ọ̀rọ̀ yìí lọ́la."

Omi bọ́ lójú Àṣíáwù. Ó na ọwọ́, ó fi kan ẹsẹ̀ Tíṣà, ó rọra kàn án bí ẹni tó ń kan ọmọ tó ń sùn.

"Ìdí nìyẹn tí ẹ fi ń gbé e lé àga nírọ̀lẹ́?"

"Ó ń wú ni. Láti ìgbà tí wọ́n ti yọ kókó yẹn, bí ọjọ́ bá rọ̀, ẹsẹ̀ á wú. Bí mo bá gbé e sókè, wíwú náà á dín díẹ̀. Ẹ̀yin wá ń sọ pé mò ń ṣe bí Òyìnbó." Ó rẹ́rìn-ín. "N kò bá yín jà. Ó tẹ́ mi lọ́rùn kí ẹ pè mí ní agbéraga ju kí ẹ pè mí ní adẹ́tẹ̀."

Bùràímọ̀ fi ojú wá ilẹ̀. Òun pẹ̀lú wà lára àwọn tó ń pè é ní Oníbàtà.

Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, Bùràímọ̀ àti aya rẹ̀ wọ bọ́lẹ̀kájà, Grace ìyàwó Tíṣà sì tẹ̀ lé wọn nítorí ó mọ ọ̀nà ilé ìwòsàn. Wọ́n gun òkè Ẹ̀fọ̀n, wọ́n gba Iléṣà, Àṣíáwù ń ka tẹ̀súbáà rẹ̀ títí wọ́n fi rí òrùlé Ìbàdàn.

Dókítà gé díẹ̀ lára àbàwọ́n náà, ó gbé e lọ wò lábẹ́ ẹ̀rọ tí í sọ ohun kékeré di ńlá. Ohun tí Tíṣà sọ ló jẹ́. Ṣùgbọ́n kò tíì wọlé jìnnà, kò sì tíì dé itan. Wọ́n fi oògùn mú un sùn, wọ́n gé ibẹ̀ kúrò pẹ̀lú awọ tó yí i ká, wọ́n bó awọ itan rẹ̀ fi dí i. Nígbà tó jí, ohun àkọ́kọ́ tó ṣe ni pé ó na ọwọ́ sísàlẹ̀ aṣọ ìbora. Ẹsẹ̀ rẹ̀ wà níbẹ̀. Ó ké "Alihamudulilahi" débi pé àwọn aláìsàn tó kù nínú yàrá náà bá a dúpẹ́.

Ìtàn ì bá parí síbẹ̀ ká ní orin ìdùnnú nìkan là ń kọ. Àmọ́ ẹni tó bá ní àrùn yìí mọ̀ pé ìgbà tí a bá délé ni iṣẹ́ ń bẹ̀rẹ̀.

Awọ itan kì í ṣe awọ àtẹ́lẹsẹ̀. Kò lè tẹ ẹyìn mọ́. Kódà kò lè dúró pẹ́. Àlùwàlá tó ń ṣe wéréwéré tẹ́lẹ̀ di ohun tó ń rọra ṣe. Bùràímọ̀ ló ń gbé kẹ́tùrù omi wá bá a níbi tó jókòó sí. Lemọ́mù ní kó máa jókòó kírun, Ọlọ́run mọ ìdí. Bí ó bá rí àmì dúdú kékeré kan lára, oorun ò ní kùn ún mọ́. Bí ọjọ́ àyẹ̀wò tí dókítà dá fún un bá ti ń sún mọ́, a máa fi tẹ̀súbáà ka iye ọjọ́ tó kù. Tíṣà sọ fún un pé bẹ́ẹ̀ náà ló ń rí fún òun títí di òní, pé kó máa lọ pẹ̀lú ẹ̀rù náà, kó ṣáà má jókòó sílé tì í. Nígbà kan ó fi ọwọ́ kan kókó kékeré ní itan, ó sunkún títí ó fi dé Ìbàdàn. Dókítà wò ó, ó ní egbò tó wà ní orúnkún rẹ̀ ló fà á, kò sí nǹkan. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi padà délé.

Ṣùgbọ́n ẹnu ayé ló nira jù. Bí ìyà ńlá bá gbéni ṣánlẹ̀, kékeré á máa gorí ẹni. Àwọn kan ti gbọ́ pé wọ́n gé nǹkan lẹ́sẹ̀ Àṣíáwù, wọ́n sì ti fi ẹnu ara wọn sọ ọ́ di ẹ̀tẹ̀. Ọmọ́yẹni ló ń bá a tẹ ẹyìn báyìí, òun náà ló ń kó epo tó léfòó, tó ń sè é, àmọ́ epo ń sùn lọ́jà. Àwọn oníbàárà á dé iwájú rẹ̀, wọ́n á kí i tìfẹ́tìfẹ́, wọ́n á sì lọ ra epo lọ́dọ̀ ẹlòmíì.

Lọ́jọ́ ọjà kan, Àṣíáwù jókòó síwájú epo rẹ̀ láti àárọ̀, ó fi ìró bo ẹsẹ̀. Oòrùn ti ga, kò sí ẹni tó rà. Ó wo ìró tó fi bo ẹsẹ̀. Ọ̀rọ̀ làálì sọ sí i lọ́kàn. Èyí náà, kí ni mo tún ń bò mọ́lẹ̀?

Ó ká ìró sókè. Ó bọ́ sálúbàtà. Ó na ẹsẹ̀ ọ̀tún sínú oòrùn, ó yí àtẹ́lẹsẹ̀ sí ọjà.

"Ẹ̀yin èèyàn mi! Ẹ wá wò ó! Ẹ yé fi ojú ẹ̀gbẹ́ wò ó, ẹ wá fi ojú méjèèjì wò ó. Àrùn wà níbẹ̀, wọ́n ti gé e. Kì í ṣe ẹ̀tẹ̀. Kì í ranni. Ẹni tó bá fẹ́ fi ọwọ́ kàn án, kó wá fi kàn án!"

Ọmọ́yẹni ló kọ́kọ́ wá, ó jókòó tì í, ó gbé ẹsẹ̀ náà lé itan rẹ̀ níṣojú gbogbo ènìyàn. Lẹ́yìn náà ni wọ́n rí Tíṣà Oníbàtà tó ń bọ̀ láti iwájú ṣọ́ọ̀bù aláṣọ. Ó fa àpótí kan, ó jókòó lápá kejì Àṣíáwù, ó tú okùn bàtà rẹ̀, ó na ẹsẹ̀ tirẹ̀ náà.

Ìyá arúgbó kan pariwo, "Yéè! Tíṣà ò ní àtàǹpàkò! Àwa ń sọ pé ó ń gbéra ga!"

Ẹ̀rín bú gbàmù. Tíṣà náà bá wọn rín. Àwọn méjèèjì jókòó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n na ẹsẹ̀, wọ́n ń dáhùn ìbéèrè. Ọkùnrin kan ń fi èékánná rẹ̀ hàn wọ́n, ìyá kan ń dorí ọmọ rẹ̀ kodò láti wo àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀. Grace ra epo kẹ́ẹ̀gì kan, ó fi ìka tọ́ ọ lá níbẹ̀. N kò ní parọ́ fún yín pé gbogbo epo tán lọ́jọ́ náà. Àmọ́ ó dín. Nígbà tí ọjà mìíràn fi máa ná, àwọn oníbàárà rẹ̀ tó ń ti Arámọ̀kọ wá ti padà.

Ìléyá dé padà. Jemilat tún wá pẹ̀lú làálì nínú ewé. Àṣíáwù na ẹsẹ̀.

"Kùn ún o. Ṣùgbọ́n fi àtẹ́lẹsẹ̀ sílẹ̀. Mo fẹ́ máa rí i."

Nígbà tí Jemilat parí ti ìyá rẹ̀, Ọmọ́yẹni àti àwọn obìnrin ẹkù tò sílẹ̀, wọ́n ń dúró de tiwọn. Jemilat kò tíì ti ọwọ́ bọ làálì. Ó gbé ẹsẹ̀ Ọmọ́yẹni, ó fi omi fọ̀ ọ́, ó yí i sí ìmọ́lẹ̀, ó wo àtẹ́lẹsẹ̀, ó wo àárín ọmọ ìka, ó wo èékánná lọ́kọ̀ọ̀kan. Bẹ́ẹ̀ ló ń ṣe fún gbogbo ìyàwó tuntun ní Arámọ̀kọ báyìí. Bí kò bá tíì wo ẹsẹ̀, kì í kùn ún.

"Kò sí nǹkan níbẹ̀," ó wí.

"Wò ó dáadáa o," ni Ọmọ́yẹni wí. "Èmi tí mo fẹ́ gbé abẹ lọ́jọ́sí!"

Ẹnìkan kí wọn kú ọdún lẹ́nu ọ̀nà. Tíṣà ni. Ó dúró, ó wo ẹní tí wọ́n tẹ́ kárí yàrá, ó bẹ̀rẹ̀, ó bọ́ bàtà rẹ̀ méjèèjì, ó fi wọ́n sí ẹ̀gbẹ́ tàwọn ará ilé, ó sì wọlé bá wọn jókòó.

Ẹ̀yin ènìyàn wa, ọ̀rọ̀ Àṣíáwù kì í ṣe ti Àṣíáwù nìkan. A ń fọ ẹsẹ̀ lójoojúmọ́, a kì í wò ó. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa wo àtẹ́lẹsẹ̀ yín, ẹ wo àtẹ́lẹwọ́ àti abẹ́ èékánná, kí ọkọ bá aya wo ibi tí ojú rẹ̀ kò dé. Kì í ṣe gbogbo àmì dúdú ni àrùn. Ọ̀pọ̀ ló wà tí kò ní í ṣe ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan. Ṣùgbọ́n èyí tó bá ń fẹ̀, tí etí rẹ̀ rí ṣágiṣàgi, tí àwọ̀ rẹ̀ kò dọ́gba, ìlà èékánná tó ń gbòòrò sí i, àti egbò tó kọ̀ tí kò jiná, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Ẹ má dúró kó tó dùn yín, nítorí ó lè má dùn yín rárá títí tí yóò fi pẹ́ jù. Ẹ má họ ọ́, ẹ má jó o, ẹ má bò ó mọ́lẹ̀.

Ẹni tí wọ́n bá sì ti tọ́jú, kó má ṣe pa ọjọ́ àyẹ̀wò rẹ̀ jẹ, bí ara rẹ̀ tilẹ̀ le koko. Àwa tí a yí i ká, kí a máa ra epo rẹ̀, kí a máa jókòó tì í, kí a máa bá a jẹun. Àrùn náà kì í ranni. Ẹnu wa ló ń ranni.

Bí ẹ bá bi Àṣíáwù léèrè, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ kò gùn tó báyìí. Ohun tó ń sọ fún àwọn obìnrin ní ẹkù kò ju èyí lọ: "Kí ẹ tó kun ẹsẹ̀, ẹ kọ́kọ́ wò ó."